Ohun Tó Wà Lẹ́nu Ajá

Iyanrìn ni àlejò kọ́kọ́ máa ń rí nílé bàbá wa àgbà ní Ìkirè. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ló wà, nínú ìkòkò fífọ́ kan: iyanrìn odò funfun tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, pẹ̀lú ike omi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí bàbá bá ti ọ̀dọ̀ ajá bọ̀, wọn kì í wọlé, wọn kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn, àfi bí wọ́n bá fi iyanrìn fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó wá fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Méje nìyẹn. Wọ́n máa ń kà á sókè. Bí o bá bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n kà á dé mẹ́rin, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa wò ọ́ bí ẹni tó jí wọn ní nǹkan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kí wọn níbi ìkarùn-ún. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀ ni mí, ẹnu mi náà kò sì balẹ̀.

Oṣù kẹrin rèé tí a sin wọ́n. Àwọn ènìyàn ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa wọn, ọ̀pọ̀ irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sọ lójú wọn. N kò fẹ́ kọ ìtàn ayé wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n, bàbá náà kò sì fẹ́ràn kí a máa bi wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí mo rí láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ìyá mi mú mi wá bá wọn, kí àwọn lè ráyè dín dòdò tà létí títì Ìbàdàn. Rájí ni orúkọ bàbá, ṣùgbọ́n láti Ìkirè títí dé Àpòmù, Bàbá Alájá ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Àwọn kan ń fi orúkọ náà yẹ́ wọn sí, àwọn mìíràn sì ń fi bú wọn.

Èkó ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ajá, nígbà tí wọ́n ń ṣe ọlọ́pàá, kí òyìnbó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n fa abo ajá òyìnbó kan wálé, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, wọ́n sì jẹ́ kí akọ ajá ilé wa gùn ún. Àwọn ọmọ tí ajá yìí bí, àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ni bàbá ń kọ́, tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ní ohun tó fẹ́ ṣọ́. Iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yá tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ìjọba fi òwò kòkó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè rà á, tí sítọ́ọ̀ kòkó ń hù ní Àpòmù bí olú, tí olè náà sì ń hù tẹ̀ lé e, ni ilé wa wá di ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń dúró sí.

Bí bàbá ṣe ń yan ọmọ ajá kò le. Wọ́n á jẹ́ kí gbogbo wọn máa ṣeré, wọ́n á wá ju àwo páànù sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo lẹ́yìn wọn. Èyí tó bá sá tí kò padà, wọ́n á fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Èyí tí kò sá rárá, wọn kò fẹ́ ẹ, wọ́n ní bí kì í bá ṣe adití, òmùgọ̀ ni. Èyí tó sá, tó dúró, tó wá yí padà láti gbóòórùn àwo náà, òun ni wọ́n á gbé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ẹran. Olè máa ń ju ẹran onímájèlé sí ajá, nítorí náà bàbá á ki ata rodo sínú ẹran, wọ́n á bẹ àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n máa jù ú láti ẹ̀yìn ògiri. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ajá náà kò tún ní gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi bàbá. Ọmọ aládùúgbò wa kan jẹ ẹran náà dípò kó jù ú. Nígbà tó fi máa rí omi mu, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀yinná. Bàbá ní òun náà ti gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìdìmú ló le jù. Bàbá á we àpò kòkó mọ́ apá ọ̀tún wọn, ó máa ń tó ìpele mẹ́rin, ajá á sì gbá apá náà mú. Kò gbọdọ̀ ya á, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ó kàn gbọdọ̀ dì í mú ni. Bí ó bá ti dì í mú, wọ́n á mú igi, wọ́n á máa lù ú, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, títí ajá náà á fi mọ̀ pé bí ìlù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òun gbọdọ̀ máa dì í sí i. N kò fẹ́ràn láti máa wò ó. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan ìdí tí wọ́n fi ń lu ohun tí wọ́n fẹ́ràn.

Wọ́n ní, “Ẹni tí ajá bá gbá mú á lù ú, Àbẹ̀kẹ́. Ajá tó bá fi nǹkan sílẹ̀ nítorí ẹgba, olè ló ń ṣiṣẹ́ fún.”

Ẹ̀kọ́ tó gbẹ̀yìn ni fífi sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ti ajá nìkan, ẹni tó fẹ́ rà á gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ méje gbáko ni ó gbọdọ̀ fi wá sílé wa, kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ajá náà, kó máa mú un rìn. Nígbà tí ajá bá ti di àpò náà mú, a ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú orí, a ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ó tó.” Bí a bá pariwo rẹ̀, ajá kò ní dáhùn, nítorí olè náà mọ ariwo í pa. Bí a bá sì fa apá náà, á tún dì í ni. Ọjọ́ mẹ́fà ni bàbá máa ń dúró ti ẹni náà. Ọjọ́ keje ni wọ́n á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, kí ajá lè gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu olówó rẹ̀ nìkan. Títí ọjọ́ keje yẹn, ti bàbá ni ajá náà. Ẹ bá rí àwọn Àlàájì ńláńlá tí wọ́n ká agbádá sí èjìká, tí wọ́n lóṣòó níwájú ajá, tí òógùn bò wọ́n. Gbogbo wọn ló máa ń fẹ́ fa apá náà. Gbogbo wọn sì ni bàbá máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún.

“Ẹni tó bá fẹ́ kí ajá fi nǹkan sílẹ̀ kò gbọdọ̀ fà á.”

Kì í ṣe ajá nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ní ọdún kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, inú ń bí mi sí ìyá mi pé wọ́n fi mí sílẹ̀ nílé ajá. Ìyá mi á wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè pẹ̀lú dòdò tó ṣì gbóná nínú ewé, n kò ní kí wọn, n kò ní jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta ìyá mi fẹ́ fi pàṣán wọ́ mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ tí bàbá sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé pàṣán sílẹ̀, kí wọ́n jókòó síta, kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ tiwọn lọ bí ẹni pé n kò sí nílé. Lọ́sẹ̀ kẹrin, èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ wa rárá, ajá ni wọ́n ń yọ eégbọn lára rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti kọ́ mi.

Ìjà tí bàbá kò borí rí ni ìjà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n kì í pa Jímọ̀ jẹ. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ funfun, wọ́n á tètè dé kí wọ́n lè wà ní ìlà iwájú. Èmi a máa yọjú lójú fèrèsé ibi tí àwọn obìnrin wà. Ní ìlà ìrun, èjìká ló yẹ kó máa kan èjìká, kí ẹsẹ̀ máa kan ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tùn-ún bàbá àti lósì wọn, àlàfo máa ń wà tó gba ènìyàn kan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí itọ́ ajá ta sí òun láṣọ. Àáfà àdúgbò wa wàásù lẹ́ẹ̀kan pé màlékà kì í wọ ilé tí ajá bá wà, gbogbo ọrùn sì yí padà. Bàbá dúró de Àáfà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi Àáfà pé àwọn ẹni ire inú Kùránì tí wọ́n sùn nínú ihò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹran wo ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún wọn? Àáfà ní ọ̀rọ̀ ajá tiwọn yẹn yàtọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín gidi. Nígbà tí a ń lọ sílé, wọ́n ní, “Ẹrù wọn ni mò ń ṣọ́, Àbẹ̀kẹ́. Síbẹ̀ wọn ò fẹ́ fara kàn mí.”

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi ìlànà kan lélẹ̀. Lọ́dọọdún, kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, ajá kankan kò gbọdọ̀ kù lágbàlá. Èyí tí wọ́n bá ti tà, á lọ bá olówó rẹ̀; èyí tí wọn kò tíì tà, á lọ sọ́dọ̀ ọdẹ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ní Ìkirè-Ilé. Èmi àti bàbá á fi iyanrìn àti omi fọ gbogbo àgbàlá lẹ́ẹ̀méje, ọwọ́ mi á bó. Láàárín oṣù yẹn, bàbá kì í fọwọ́ kan ajá, wọn kì í sì í sún mọ́ ibi tí ó bá wà. Àwọn ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ààwẹ̀ nìkan ni àlàfo yẹn máa ń dí, tí ẹnì kan á fi èjìká kan èjìká wọn. N kò tíì rí ohun mìíràn tí wọ́n ń retí tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ọdún tí mo pé mọ́kànlá ni Àlàájì Gàníyù wá ra Gbọ́tèmi. Oníṣòwò kòkó ni ní Àpòmù, ọkùnrin tó máa ń wo aago nígbà tí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀. Gbọ́tèmi ni ajá tó dára jù nínú gbogbo ajá tí bàbá kọ́. Àlàájì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ méje tirẹ̀, oṣù Ṣàábánì tó ṣáájú ààwẹ̀ sì ti ń lọ sópin. Bàbá ṣírò rẹ̀ lórí ìka: bí oṣù náà bá pé ọgbọ̀n ọjọ́, ọjọ́ keje Àlàájì á bọ́ sí ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, àgbàlá á sì mọ́ kó tó di alẹ́. Wọ́n fọkàn tán ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, a gbọ́ ariwo láti ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti rí oṣù. Ààwẹ̀ di ọ̀la.

Ọjọ́ mẹ́fà péré ni Àlàájì ṣe. Bàbá lè fi ajá náà sílẹ̀ lágbàlá fún ọjọ́ kan sí i. Wọ́n lè gbé e lọ sí Ìkirè-Ilé. Àlàájì ló ń kánjú, ó ní olè ti ń fojú sí sítọ́ọ̀ òun, ó sì ti gbé ọkọ̀ wá. Bàbá dúró, wọ́n ń wo àgbàlá, wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ṣéènì ajá náà lé Àlàájì lọ́wọ́. Etí mi ló ṣe, wọ́n ní, “Ọjọ́ kan ló kù. Má tú u títí a ó fi ṣọdún Ìtúnu. Èmi fúnra mi ni mo máa wá.” Àlàájì ní òun ti gbọ́, ó sì wo aago. A bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àgbàlá.

Jímọ̀ kejì nínú ààwẹ̀ ni. Àpò kòkó méjì ti sọnù lọ́sẹ̀ yẹn, Àlàájì sì tú ajá sílẹ̀ ní àgbàlá sítọ́ọ̀ nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ múra ìrun. Làmídì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọkùnrin bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, òun ló máa ń yí kòkó nínú oòrùn. Ó ti dé ojú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kó tó rántí pé fìlà òun wà lórí àpò. Ó padà, ó gba ẹ̀yìn wọlé, kò mọ̀ pé ajá ti wà nílẹ̀. Gbọ́tèmi gbá a mú lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ ìgúnpá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ká ní ó dúró jẹ́ẹ́, ká ní kò sí ẹni tó gbọ́ igbe rẹ̀, ojú ehín nìkan ni ì bá ní lára. Àwọn ènìyàn ló sáré wá gbà á. Wọ́n fi pátákó lu ajá náà, wọ́n fi òkúta lù ú, wọ́n fi ìdí ọkọ́ lù ú, Gbọ́tèmi sì ń dì í sí i. Àwọn ọkùnrin méjì di Làmídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mú, wọ́n ń fà á. Àlàájì gun ẹ̀yìn lọ́rì, láti ibẹ̀ ló ti ń pariwo “Ó tó, ó tó,” ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀ wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé orí ajá. Ẹnì kan ló wá gun máṣíìnì wá sí Ìkirè. Èmi ló bá nílé, èmi ni mo sì sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìlà iwájú ni mo ti rí bàbá lójú fèrèsé. Ènìyàn wà lọ́tùn-ún wọn, ènìyàn wà lósì wọn, kò sí àlàfo. Mo pè wọ́n lórúkọ láàárín ìrun, mo pariwo rẹ̀.

Àwọn tó wà ní Àpòmù ló sọ ìyókù fún mi. Wọ́n ní bàbá bọ́ sílẹ̀ lórí máṣíìnì, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn jáwọ́. Pẹ̀lú aṣọ funfun ni wọ́n fi kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé Gbọ́tèmi lórí, wọ́n sì ní “Ó tó,” bí ẹni ń sọ fún ẹni tó ń bu oúnjẹ fún un. Ajá náà la ẹnu lójú ẹsẹ̀. Ó ń ju ìrù, ó ń wo ọwọ́ bàbá bóyá wọ́n á fún òun ní nǹkan jẹ. Apá náà kò ṣeé tò mọ́. Ní ọsibítù ní Ìbàdàn ni wọ́n ti gé e.

Ní téṣàn ọlọ́pàá, Àlàájì ní bàbá sọ fún òun pé ajá náà ti mọ gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èmi àti ìyá mi wà níbẹ̀. Mo ń retí kí bàbá já irọ́ rẹ̀. Wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn ni àwọn ta ajá tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò pé, kí ọlọ́pàá má ṣe wá ẹlòmíràn. Inú bí mi débi pé mo sunkún. Nígbà tí a délé, mo dúró síwájú wọn, mo ní, “Ẹ kìlọ̀ fún un. Mo gbọ́. Etí mi ló ṣe.”

Bàbá ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́, wọ́n ti kà á dé márùn-ún. Wọ́n dáwọ́ dúró. “Ìkìlọ̀ kọ́ ni mo tà fún un,” ni wọ́n wí. “Ajá ni.” Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bọ́ Gbọ́tèmi yó, wọ́n fà á lọ sí Ìkirè-Ilé sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ọdẹ. Ṣéènì nìkan ni wọ́n gbé bọ̀. Ọdẹ náà sọ fún wa lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé bàbá ní kí ajá náà dùbúlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀, kò yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn títí ìbọn fi dún. Bàbá kó gbogbo ajá tó kù fún ènìyàn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò tún kọ́ ajá mọ́. Àlàfo mọ́ṣáláṣí dí pátápátá, àwọn ènìyàn wá ń bá wọn ṣeré, Àáfà náà ń kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn gan-an ni wọ́n wá ń jìnnà sí ìlà iwájú. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń dúró sí.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé, fún ọdún mẹ́wàá, bàbá lọ sí oko Làmídì. Oko kòkó kékeré kan ni, lójú ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á ṣán oko, wọ́n á ká kòkó, wọ́n á fọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Ní ọdún àkọ́kọ́, Làmídì kò bá wọn sọ̀rọ̀ rárá, ó kàn ń jókòó lábẹ́ igi ni. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun báyìí, nítorí bẹ́ẹ̀ kò lọ síbi ìnáwó kankan mọ́, kí ojú àwọn ènìyàn má baà máa wá bá a lẹ́nu àwo. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, yóò fi ọwọ́ òsì náà bu omi fún bàbá. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, kí ọmọdé máa fọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Bàbá á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n á tẹ orí ba díẹ̀, bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ọba.

Ohun kan ni bàbá ń fẹ́ nígbà yẹn, a sì mọ̀ ọ́n nílé. Wọ́n gbà pé Ọlọ́run lè dárí èyí tí ènìyàn bá ṣẹ̀ Ẹ́ jì í, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ṣẹ ọmọ ènìyàn, àfi kí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda. Wọ́n ń bẹ̀rù ikú láìsí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá mi fẹ́ kó àwọn àgbààgbà ẹbí lọ bẹ Làmídì. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún Làmídì ní ọsibítù pé àwọn kò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé. “Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀,” ni wọ́n sọ fún wa. “Ẹ ò gbọdọ̀ fà á.”

Ọdún tó kọjá ni ẹsẹ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọn kò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́, máṣíìnì ló wá ń gbé wọn lọ sóko, lẹ́yìn náà wọn kò lè dìde. Mo ti ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àpòmù nígbà yẹn. Sátidé méjì tẹ̀ lé ara wọn tí wọn kò lọ. Ní Sátidé kẹta, wọ́n la ojú, wọ́n bi mí ẹni tó wà lóko Làmídì lónìí. Mo ní kò sẹ́nìkan. Wọ́n yí ojú sí ògiri. Èjìká wọn ń gbọ̀n, n kò sì tíì rí ẹkún wọn rí.

N kò dúró gbọ́ mọ́. Mo wọ máṣíìnì, mo dé ilé Làmídì ní Àpòmù. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó wọ bùbá funfun, ó sì dé fìlà. N kò bi ara mi léèrè ibi tí ọkùnrin tí kì í lọ síbi kankan fẹ́ gbé fìlà lọ. Mo ń sọ̀rọ̀ kí n tó kí i tán. Mo ní ọdún mẹ́wàá ni arúgbó fi ṣe ẹrú rẹ̀, mo ní kí ló tún kù, mo ní bàbá ń kú lọ. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo náà mú, mo ń fà á lọ sídìí máṣíìnì.

Ó le gbagidi níbi tó dúró sí. “Ṣé Bàbá ló rán ọ?”

Mo rò pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ àánú á tètè ṣe é. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ẹ wá.”

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́. Ó ní, “Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò ní béèrè láé. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn.” Ó ṣí fìlà, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo padà délé, bàbá bi mí ibi tí mo lọ. Mo ní ilé ìwé ni. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n mọ̀ pé ilé ìwé kì í sí lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, wọ́n jáde láyé, láìgbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Kí wọ́n tó kí ìrun sí wọn lára, Àáfà bi gbogbo ènìyàn bóyá ẹnikẹ́ni wà tí bàbá ṣẹ̀, kí ó yọ̀ǹda wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ti yọ̀ǹda, títí kan àwọn tí bàbá kò ṣẹ̀ rárá. Làmídì dúró sẹ́yìn pátápátá, ibi tí bàbá máa ń dúró sí. Mo wò ó. Kò la ẹnu. Ó kí ìrun náà pẹ̀lú wa, ó sì gba ẹ̀yìn lọ.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rísì, wá sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́bàá ìkòkò iyanrìn, ó ní òun kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun sọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọkọ òun gbọ́ pé bàbá kò lè dìde mọ́. Làmídì wẹ̀, ó ní kí òun bá a wá fìlà rẹ̀. Ó ní, “Ó ní Ìkirè lòun ń lọ, pé òun fẹ́ kí Bàbá fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Ibi tó ti ń dúró de máṣíìnì lo bá a.”

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá mi pàápàá. Ibí ni mo ti kọ́kọ́ ń sọ ọ́. Àwọn tó ń kí mi máa ń sọ pé mo tọ́jú bàbá, pé ọmọ dáadáa ni mí. Ọ̀rọ̀ tí arúgbó náà fi ọdún mẹ́wàá dúró dè, tí ó ti wà lójú ọ̀nà, èmi ni mo fà á padà sẹ́nu ẹni tó ni ín.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé àdá bàbá lọ sí oko ojú ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu. Làmídì wà lábẹ́ igi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Irọ́ ni mo pa fún yín. Wọn ò rán mi. Wọn ò mọ̀ pé mo wá.” Ó wò mí, ojú rẹ̀ sì kún. Ó na ọwọ́ òsì sí ibi tí bàbá ṣán dé kí àìsàn tó dá wọn dúró; igbó ti hù lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Mo ṣì ń lọ. Ọwọ́ mi ti yi díẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, Làmídì a máa bu omi, ṣùgbọ́n kì í gbé e lé mi lọ́wọ́ bó ṣe ń ṣe fún bàbá. Ilẹ̀ ló ń gbé e sí, níwọ̀nba ibi tí ọwọ́ mi lè tó, á sì padà sábẹ́ igi rẹ̀. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì mọ̀ pé mo mọ̀. Bóyá kò tún wúlò fún ẹni tó ti kú, Àáfà nìkan ló lè sọ ìyẹn, n kò sì bi wọ́n. Mo máa ń mu omi náà tán, mo máa ń da ife dé síbi tó gbé e sí, mo máa ń kí i pé ó di Sátidé. N kò fà á.